Kí Ọkọ̀ Àkọ́kọ́ Tó Gúnlẹ̀ sí Èbúté Ìlàjẹ, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ibi Tí Ìdọ̀tí Rẹ̀ Ń Lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sójú ewé yín, torí ó kan gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹja, láti Igbókọ̀dá títí dé ọjà Erékèsán níbí ní Àkúrẹ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ń sọ̀rọ̀ èbúté omi jíjìn tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí etí òkun Ìlàjẹ. A ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí yóò pèsè, a ti gbọ́ nípa owó tí yóò máa wọlé, a sì ti gbọ́ bí kòkó wa àti bítúmẹ́ẹ̀nì Agbábu yóò ṣe máa gba ibẹ̀ jáde. Ohun tí n kò tíì gbọ́ ni ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀, epo dídọ̀tí àti pàǹtírí inú àwọn ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ yóò máa lọ. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yanrìn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn èbúté náà pé táńkì tó ń gba ìdọ̀tí ọkọ̀ yóò wà létí omi, àti pé gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé ni yóò san owó rẹ̀, ì báà lò ó, ì báà má lò ó. Apá ti owó yẹn ló ṣe kókó jù, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun, àwọn gàgàrà tí arìnrìn-àjò afẹ́ ń gbé inú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kì í sábà yà sọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, lára wọn ni ó yẹ ká ti kọ́gbọ́n, nítorí àwọn ni ayé fi mọ bí òfin ìdọ̀tí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti ń jò. Lọ́dún 2008, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí wọn. Wọ́n rí i pé omi ìgbọ̀nsẹ̀ ẹnì kan nínú ọkọ̀ ń tó bíi lítà 32 lóòjọ́. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ilé ìdáná tó bíi lítà 250 fún ẹnì kan. Ẹ fi ṣe ìṣirò ọkọ̀ tó kó ènìyàn 3,000: lítà 96,000 fún ìgbọ̀nsẹ̀, lítà 750,000 fún èyí tó kù, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ tó ń fa ṣalangá bá ń gba lítà 10,000, mẹ́wàá ni yóò gbé ti àkọ́kọ́, márùndínlọ́gọ́rin ni yóò gbé ìkejì. Ọkọ̀ akẹ́rù tí òṣìṣẹ́ 20 wà nínú rẹ̀ kò sún mọ́ ìyẹn rárá: lítà 640 ti ìgbọ̀nsẹ̀ àti lítà 5,000 ti omi ìwẹ̀ àti ìfọṣọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ni èyí tó pọ̀ jù tí yóò máa wá sí Ìlàjẹ, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí mò ń wí yìí kò fi kọjá agbára wa.

Òfin àgbáyé tó de ọ̀rọ̀ yìí ni MARPOL. Ọdún 1973 ni wọ́n fọwọ́ sí i lábẹ́ IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi; wọ́n tún un ṣe ní 1978, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1983. Ìpín mẹ́fà ló ní: epo, kẹ́míkà olómi, ẹrù eléwu tí wọ́n dì, omi ìgbọ̀nsẹ̀, pàǹtírí, àti èéfín. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ló sì ń mójú tó o nílé wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí òfin yìí wí ni pé kí ọkọ̀ má da nǹkan kan sí òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ ohun tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dà rárá, bí ọ̀rá àti ike. Àwọn tó kù, ibi tí wọ́n lè dà á sí àti bí wọ́n ṣe máa dà á ló sọ.

Ẹ wo ti ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ ìtọ́jú ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí lè tú omi tó bá jáde nínú rẹ̀ dà sí ibikíbi, bí kò bá ṣáà ti sí ohun tó léfòó, tí àwọ̀ omi òkun kò sì yí padà. Èyí tó bá kàn lọ̀ ọ́ kúnná, tó sì da oògùn apakòkòrò sí i, gbọ́dọ̀ ti jìnnà sí ilẹ̀ kọjá máìlì ojú òkun mẹ́ta, ìyẹn bíi kìlómítà márùn-ún àbọ̀. Èyí tí kò bá ṣe nǹkan kan sí i gbọ́dọ̀ kọjá máìlì 12, bíi kìlómítà 22. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa rìn, kí eré rẹ̀ má dín ní máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan, kí ó sì máa tú u jáde ní díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ̀yin ará Ìlàjẹ dẹtí sí ibí yìí dáadáa. Òfin ìpẹja ojú òkun ti Nàìjíríà ya máìlì márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí òkun sọ́tọ̀ fún apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré. Ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ omi kò gbọdọ̀ débẹ̀. Máìlì mẹ́ta MARPOL wà nínú máìlì márùn-ún yẹn gan-an. Èyí ni pé ọkọ̀ lè tú ìgbọ̀nsẹ̀ lílọ̀ jáde sáàárín àwọ̀n àwọn ará Áwóyè tàbí Ayétòrò, kí ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì rú òfin àgbáyé kankan. Bẹ́ẹ̀ ìṣàn omi òkun ní agbègbè wa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló ń lọ. Èyí tí wọ́n bá tú dà níwájú Èkó pàápàá, apá ọ̀dọ̀ wa ló kọjú sí. Ayétòrò tí òkun ti ń jẹ ilé rẹ̀ lọ kò tún gbọdọ̀ wá di ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ àjèjì ń gúnlẹ̀ sí.

Ti omi ìwẹ̀ àti ti ilé ìdáná burú ju ìyẹn lọ, torí MARPOL kò fi òfin kankan dè é. Àwọn tó ṣe òfin náà kà á sí omi ọṣẹ lásán. Ọ̀rá oúnjẹ wà nínú rẹ̀, èérún oúnjẹ wà níbẹ̀, ọṣẹ oríṣiríṣi, àti kòkòrò inú ìgbẹ́ tó ń ti ara ènìyàn àti aṣọ wá. Nínú omi tó jìn, tó sì ń ṣàn, ó lè fọ́n ká. Nínú omi tí kò jìn bíi ti etí òkun wa, àti nínú àwọn odò kéékèèké tó wọnú igbó ẹ̀gbà lọ, níbi tí edé àti akàn ti ń pamọ, kíkẹ̀ tó bá ń kẹ̀ ni yóò máa gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí lọ́wọ́ ẹja. Nítorí náà, èbúté wa ló máa fúnra rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ tú omi yìí dà nínú èbúté tàbí láàárín máìlì márùn-ún. Kò sí òfin àgbáyé tó máa bá wa sọ ọ́.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìwé ẹ̀rí ẹ̀rọ tàn wá. Ní Alaska, lọ́dún 2000, wọ́n bu omi nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ìwé ẹ̀rí ẹ̀rọ ìtọ́jú ìgbọ̀nsẹ̀ wọn pé pérépéré. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí kòkòrò inú ìgbẹ́ tó wà nínú mílílítà 100 omi náà má ju 200 lọ. Èyí tí wọ́n rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ jìnnà réré, nínú omi ìwẹ̀ pẹ̀lú. Àyẹ̀wò yẹn ló bí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ní ìparí ọdún náà àti òfin ìpínlẹ̀ Alaska ní 2001. Ìgbà tí wọ́n sọ bíbu omi wò di dandan ni àwọn ọlọ́kọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ tuntun, àwọn tó ń lo awọ asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò kò lè gbà á kọjá.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń kùnà kò ṣòro láti mọ̀. Kòkòrò rere ló ń jẹ ìdọ̀tí nínú ẹ̀rọ ìtọ́jú ìgbọ̀nsẹ̀. Bí àwọn tó ń fọ yàrá bá ń da oògùn ìfọlé tó le sínú ihò ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń pa àwọn kòkòrò yẹn nìyẹn, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ padà. Ọ̀rá ilé ìdáná á lẹ̀ mọ́ awọ asẹ́, bébà ìnura tí kì í yọ́ nínú omi á dí pọ́ǹpù. Nígbà tí èrò bá pọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ fún lọ, omi á sáré kọjá kí kòkòrò tó jẹ ìdọ̀tí tán. Òṣìṣẹ́ á wá bu kúlóríìnì rẹpẹtẹ sí i níparí kí àyẹ̀wò lè dára, kúlóríìnì yẹn náà á sì máa pa ọmọ ẹja níbi tó bá jáde sí.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ epo, níbi tí ìwà jìbìtì ti pọ̀ jù.

Ìsàlẹ̀ yàrá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kì í gbẹ. Omi ń kán lára pọ́ǹpù, epo ń kán lára fáàfù, omi tí wọ́n fi fọ ilẹ̀ náà ń lọ síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dàpọ̀ sí ikùn ọkọ̀. Òfin ní kí wọ́n gba omi yìí kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń ya epo kúrò lára omi, èyí tí àwa onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní sẹparétọ̀, kí epo tó kù nínú rẹ̀ tó jáde má ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Nínú táńkì onílítà 1,000 tí a ń gbé sórí òpó lágbàlá wa, mílílítà 15 ni ìyẹn, bíi ṣíbí ìjẹun kan. Ojú kan wà lára páìpù tó ń wo omi náà bó ṣe ń jáde. Bí epo bá ti kọjá ìwọ̀n, á ké, fáàfù á sì dá omi padà sínú táńkì.

Sẹparétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé epo fúyẹ́ ju omi lọ: á léfòó, a ó sì ré e kúrò. Ọṣẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọṣẹ tó ń bó epo gidigidi fọ yàrá ẹ́ńjìnì, epo á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á di omi funfun bí ẹ̀kọ mímu, kò sì ní léfòó mọ́ láyé. Pọ́ǹpù tó ń yí kíákíá náà ń fọ́ epo bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí pọ́ǹpù tó ń gbé omi lọ sínú sẹparétọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń rọra tì í. Lẹ́yìn náà ni asẹ́ á dí. Asẹ́ tuntun lówó lórí, ojú ẹ̀rọ ń ké ṣáá, táńkì ń kún, ọkọ̀ sì ń lọ. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti ń bá ẹnjiníà.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta kì í ju méjì mẹ́ta lọ. Wọ́n lè so omi mímọ́ mọ́ ojú ẹ̀rọ, kí ó máa wo omi mímọ́ nígbà tí omi elépo ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè so páìpù kan láti táńkì lọ tààrà sí ihò tó jáde sójú òkun, kí ó má gba inú sẹparétọ̀ rárá. Bí ayẹ̀wòkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e pamọ́. Páìpù ìdán ni àwọn atukọ̀ kárí ayé ń pè é. Ẹni tó bá ń yẹ ọkọ̀ wò yóò mọ̀ ọ́n lára bóòtì tí wọ́n fi de páìpù, tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó dànù nígbà tí ti àwọn tó kù ṣì wà, lára rọ́bà tuntun láàárín fìláǹjì àtijọ́ (irin róbótó tí wọ́n fi ń so páìpù méjì pọ̀), lára epo tó bá wà nínú páìpù tó yẹ kí omi mímọ́ nìkan máa gbà. Yóò sì mọ̀ ọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀ epo, tí òfin ní kí ọkọ̀ tọ́jú fún ọdún mẹ́ta. Sẹparétọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ lítà 5,000 ní wákàtí kan kò lè ṣe 20,000 ní wákàtí méjì. Ìwé tó bá wí bẹ́ẹ̀ ń purọ́.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Caribbean Princess ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa páìpù yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, wọ́n tú lítà omi elépo bíi 16,000 dà sójú òkun ní ìwọ̀n máìlì 23 sí etíkun England. Ẹnjiníà kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀ náà rí páìpù, ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dé England, ó sì sọ fún ìjọba. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé New York, àwọn Amẹ́ríkà wọ inú rẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwádìí fi hàn pé ìwà náà ti wà láti 2005, àti pé wọ́n ń gba omi òkun mímọ́ kọjá nínú ẹ̀rọ kí àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà lè dà bíi pé iṣẹ́ òótọ́ ni. Ní 2016, iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, Princess Cruises, gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn méje, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 40 dọ́là. Ní 2019, Carnival tó jẹ́ ìyá iléeṣẹ́ náà tún san mílíọ̀nù 20 dọ́là nítorí pé wọ́n rú àdéhùn tí wọ́n bá ilé ẹjọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun kan nínú ẹjọ́ yẹn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbójú fò. Kí ló fà á? Ọ̀gá ẹnjiníà tó pàṣẹ pé kí wọ́n tú omi náà dà sọ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé owó tí wọ́n máa ná láti gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté ti pọ̀ jù. Owó ni. Èbúté ní táńkì, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gbé ìdọ̀tí sọ̀ kalẹ̀ á san, bí ó bá dà á sójú òkun kò ní san nǹkan kan. Bí a bá fi owó lé iye ìdọ̀tí tí ọkọ̀ gbé sọ̀, a ti fún olóòótọ́ ní ìjìyà, a sì ti fún ọ̀dàlẹ̀ ní ẹ̀bùn.

Àwọn ará Yúróòpù rí èyí, wọ́n sì tún òfin wọn ṣe. Òfin wọn tó jáde ní 2019 ní kí gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ èbúté san owó ìgbàdọ̀tí mọ́ owó èbúté, kí wọ́n má sì gba kọ́bọ̀ lé e lórí pàǹtírí tí ọkọ̀ bá gbé sọ̀ kalẹ̀, àfi bí ó bá pọ̀ ju àyè tí ọkọ̀ náà ní láti kó o sí lọ. Ọkọ̀ tó ti sanwó kò ní ìdí láti gbé ìdọ̀tí rẹ̀ padà sójú òkun. Èyí ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sínú àdéhùn ti Ìlàjẹ, fún pàǹtírí, fún omi ìgbọ̀nsẹ̀, àti fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo.

Kí ni a ó kọ́? Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fìláǹjì, torí àwọn èbúté mìíràn ti ra táńkì olówó ńlá tí họ́ọ̀sì rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu. MARPOL ti sọ ìwọ̀n rẹ̀ kí ọkọ̀ láti ibikíbi lè so mọ́ ọn. Ti epo: fífẹ̀ rẹ̀ mílímítà 215, fífẹ̀ òbìrípo tí ihò bóòtì tò sí mílímítà 183, bóòtì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn mílímítà 20. Ti ìgbọ̀nsẹ̀: fífẹ̀ mílímítà 210, fífẹ̀ òbìrípo tí ihò bóòtì tò sí mílímítà 170, bóòtì mẹ́rin onímílímítà 16. Wọ́n yàtọ̀ síra, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so epo mọ́ táńkì ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gé irin mìíràn sí i.

Táńkì epo kò gbọdọ̀ dín ní méjì, kí ọ̀kan máa tòrò nígbà tí èkejì ń gbà. Lórí ìwọ̀n wọn, òfin fi ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún epo tí ọkọ̀ ń sun ṣe ìṣirò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń kù. Ọkọ̀ tó ń sun tọ́ọ̀nù 20 lóòjọ́ yóò ní bíi lítà 300 lóòjọ́, 3,000 lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá lójú òkun. Ọkọ̀ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ kan, 15,000 nìyẹn, láìka omi ikùn ọkọ̀. Táńkì onílítà 50,000 méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n mọ ògiri kọnkéré yí wọn ká, kí àyè inú ògiri náà tó èyí tó lè gba gbogbo ohun inú táńkì tó tóbi jù, kí ó tún kù díẹ̀ fún òjò. Òjò Ìlàjẹ kì í ṣe kékeré. Fáàfù omi òjò inú ògiri yẹn gbọ́dọ̀ wà ní títì ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, ògiri náà kò wúlò fún nǹkan kan.

Fún omi ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìwẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù márùn-ún tó dúró lẹ́ẹ̀kan náà yóò mú bíi lítà 28,000 wá lóòjọ́. Ẹ̀rọ ìtọ́jú tó lè ṣe 30,000 lóòjọ́, pẹ̀lú táńkì tó lè gba ti ọjọ́ méjì, ti tó. Kò lè tó fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan ṣoṣo tó kó ènìyàn 3,000, nítorí náà kí àdéhùn sọ ọ́ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pẹ̀lú táńkì tó ṣófo, kí ó di tirẹ̀ mọ́ra títí yóò fi lọ. Kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìwé ránṣẹ́, ó kéré tán wákàtí 24 kí ó tó dé, pé irú ìdọ̀tí báyìí ni mo gbé, iye rẹ̀ nìyí, àyè tó kù sí mi nìyí. Bí ó bá gbé e sọ̀ tán, kí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Ewu kan wà níbí tó lè pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fi omi òkun fọ ihò ìgbọ̀nsẹ̀. Bí irú omi yẹn bá pẹ́ nínú táńkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, gáàsì kan ń jáde tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nígbà tó bá pọ̀, imú ènìyàn kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó wọ táńkì láti fọ̀ ọ́ á sì ṣubú lójijì. Ẹni tó bá sáré wọlé láti gbà á là náà á ṣubú tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táńkì, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn gáàsì náà, okùn lára ẹni tó ń wọlé, àti ẹlòmíràn tó dúró lẹ́nu ihò: bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

Lẹ́yìn táńkì ńkọ́? Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó yí ìlú ká. Sọ́kàwéè ni gbogbo wa ń lò. Bí wọ́n bá gba ìdọ̀tí lọ́wọ́ ọkọ̀, tí ọkọ̀ agbégbẹ́ sì lọ tú u dà sí odò Olúwà lóru, tàbí wọ́n kó o wá sí ààtàn ojú ọ̀nà Ìgbátòrò, ó sàn kí ó wà lójú òkun. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà èbúté, kí omi tó bá jáde nínú rẹ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ojú òkun. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ni yóò máa bu u wò, kí èsì rẹ̀ sì máa jáde nínú ìwé ìròyìn bíi tiyín. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra epo dúdú lẹ́bàá ọ̀nà: irin wúwo wà nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

Lórí èéfín, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 3.50 ló wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ òfin gba ọkọ̀ láyè láti máa sun epo àtijọ́, bí ó bá ní ẹ̀rọ tó ń fi omi òkun fọ èéfín. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ yẹn, òkun ni wọ́n ń dà á padà sí, pẹ̀lú ìkíkan àti ẹ̀gbin rẹ̀. Singapore ti fi òfin dè é nínú èbúté rẹ̀ láti 2020. Kí tiwa náà dè é, gbólóhùn kan péré ló gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òkun kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi ọkọ̀ ojú omi àti èbúté sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, NIMASA ló sì ń dá ọkọ̀ dúró nítorí MARPOL. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ èbúté sí wà níkàáwọ́ gómìnà lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ìpínlẹ̀ ló sì ń wá olókòwò tí yóò kọ́ ọ. Ẹni tó ní ilẹ̀ lè sọ ohun tó fẹ́ nínú ìwé àdéhùn. Alaska náà kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ní 2006, àwọn ará ìlú ibẹ̀ dìbò pé kí ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí máa bá ọkọ̀ ìgbafẹ́ rìn nínú omi àwọn, láti máa wo ẹ̀rọ àti àkọsílẹ̀ rẹ̀, dọ́là mẹ́rin lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi ń san owó rẹ̀. Ní 2019, gómìnà wọn yọ owó náà kúrò nínú ìsúná, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé àdéhùn: ohun tó bá wà nínú ìsúná ọdọọdún, ìjọba tuntun lè pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan.

Àwọn mìíràn á ní bí owó bá wà lórí ìdọ̀tí, ọkọ̀ á sá lọ sí Lekki. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ti rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì ń wá ibi tí yóò ti tú táńkì rẹ̀ sílẹ̀ lójú méjèèjì, ọ̀gá ọkọ̀ olóòótọ́ á sì yan èbúté tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi àsìkò ṣòfò. Èyí tó ń lé ọkọ̀ lọ ni kí wọ́n gba owó, kí wọ́n sì máa wí pé ọkọ̀ agbégbẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà.

A kò sì ní láti dúró de èbúté ńlá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní èbúté Igbókọ̀dá lónìí, kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mélòó kan sábẹ́ òrùlé, lórí kọnkéré tí etí rẹ̀ ga, fún epo ẹ́ńjìnì tí àwọn ọlọ́kọ̀ dísẹ́lì bá pààrọ̀. Kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnì kan máa kọ iye tó wọlé àti ibi tí wọ́n gbé e lọ sílẹ̀.

Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 ka kíkọ́ èbúté mọ́ iṣẹ́ tí wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, ará ìlú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ìwé náà, kí wọ́n sì fèsì. Nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde, mo bẹ àwọn ọba Ìlàjẹ, ẹgbẹ́ apẹja, àti àwọn ọmọ wa ní FUTA àti ní yunifásítì Òkìtìpupa, kí ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí àwòrán aláràbarà tó wà níwájú. Ẹ wá ojú ewé tó sọ iye lítà tí táńkì ìgbàdọ̀tí yóò gbà, ẹni tí yóò máa sanwó rẹ̀ àti bí yóò ṣe san án, àti bí omi ìwẹ̀ ọkọ̀ yóò ṣe jìnnà sí etí òkun tó. Bí kò bá sí i níbẹ̀, ẹ kọ̀wé kí ọjọ́ tó pé: ẹ̀dà kan sí iléeṣẹ́ àyíká ti ìjọba àpapọ̀, ẹ̀dà kan sí ti ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ̀dà kan sí NIMASA, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Olóòtú ìwé ìròyìn yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi kan,
Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.